Lẹ́tà sí Àkànní, tó kọ sólò nínú Messiah, iṣẹ́ orin ńlá Handel

Àkànní mi,

O ti lè máa rò pé tìtorí bí èémí ṣe tán fún ọ lálẹ́ Àìkú ni mo ṣe ń kọ̀wé. Kì í ṣe ìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá akọrin gbé sólò tẹ́nọ̀, orin àdákọ fún ohùn ọkùnrin tó ga, fún ọmọ ọdún 19, èmi Àǹtí rẹ ni mo yọ́ lọ bá wọn pé kí wọ́n gbé e fún àgbà. Wọn ò dá mi lóhùn, wáyà kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ká. Mi ò tíì sọ fún màmá rẹ o, jọ̀ọ́ bò mí láṣìírí.

Lóòótọ́, orin náà ní a ó gbé gbogbo àfonífojì ga, ọ̀nà wíwọ́ á di títọ́, ibi pálapàla á sì tẹ́jú. Níbi "exalted" (gbé ga), tí ohùn ti ń gòkè bí ẹni ń gun Olúmọ lọ́sàn-án gangan, àárín ọ̀rọ̀ lo ti mí. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Àmọ́ o wá dé "crooked" (wíwọ́). Ohùn méjì tó fara kanra ni Handel fi ṣe é, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, bí ọ̀nà tó wọ́. Tó bá di "plain" (títẹ́jú), ohùn á tẹ́ gbalaja. O kọ ọ́ débi pé bàbá onídùndún tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó mi orí. Wọ́n ní, "Òyìnbó tó kọ èyí gbọ́ ìlù o." Ọmọ Jámánì tó ń gbé London ni, ọjọ́ 24 péré ló sì fi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1741! Ìwọ náà mọ bí orin inú ìwé àwa ìjọ ṣe máa ń yí ọ̀rọ̀ Yorùbá po, tí orin á máa sọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè. Níbí, ọ̀rọ̀ àti orin jọ ń rìn ni.

Màmá rẹ ò rí ojú rẹ, gèlè ẹnìkan ló dí i. Ní Dublin, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ Messiah létí èrò lọ́dún 1742, wọ́n bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n má wọ yẹ̀rì tó fẹ̀ yàgàdà, kí ọkùnrin má sì gbé idà wá, kí àyè lè gba èrò. Ta ló máa bẹ àwọn ìyá ìjọ tiwa?

Ìwé orin rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tí wàá ti mí, ṣáájú "shall be" tó kẹ́yìn kí ohùn gígùn tó ń sáré lórí "exalted" yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Wá mú un lọ́jọ́ Sátidé, a ó jọ kọ ọ́. Má jẹun yó kó o tó wá.

Àǹtí rẹ, ti áltò