Mariama Bâ Kò Kàn Sun Ẹkún Sínú Ìwé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Àbúrò mi tó máa ń gba Ìgólò kọjá lọ ra ọjà ní Ìdí-Ìrókò ló máa ń bá mi ra ìwé ìròyìn yín. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé Àjàṣẹ́ níbí ní orílẹ̀-èdè Benin, ìdí nìyẹn tí èsì mi fi pẹ́ tó báyìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kọ sí abala àwọn obìnrin nípa Mariama Bâ, òǹkọ̀wé ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, ni mo fẹ́ fèsì sí. Ẹni náà yìn ín, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ó tún ní ìtàn ara rẹ̀ ló kàn kọ sílẹ̀, pé ìbànújẹ́ ilé ọkọ ló kó jọ tó fi di ìwé. N kò lè gbọ́ ìyẹn kí n dákẹ́.

Aránṣọ ni mí. Ó ti di ọdún 31 tí mo ti ń bá ẹ̀rọ jókòó nítòsí ọjà Ouando. Bí oníbàárà bá kó aṣọ wá, èjìká tirẹ̀ ni mo máa wọ̀n, ìbàdí tirẹ̀ ni mo máa wọ̀n. Lóòótọ́, ohun tí ara mi ti mọ̀ máa ń wọ inú iṣẹ́ náà. Mo mọ ibi tí aṣọ ti máa ń há obìnrin tó ti bímọ púpọ̀, nítorí èmi náà bímọ. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa rí bùbá yẹn lọ́rùn oníbàárà kó ní ara aránṣọ ni wọ́n fi gé e.

Ní Dakar ni wọ́n ti bí Mariama, lọ́dún 1929. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà nílé Mùsùlùmí. Àwọn àgbà yẹn kò rí ìdí tí ọmọbìnrin fi gbọ́dọ̀ pẹ́ nílé ìwé. Bàbá rẹ̀ ló dúró lórí ẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ máa lọ. Ní 1943 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin ní Rufisque. Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín tó wà ní ilẹ̀ Benin mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan àwa náà: gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń mú ọmọbìnrin lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà yẹn, sì wà lára wọn. Ó gba ìwé ẹ̀rí ní 1947, ó kọ́ ọmọ fún nǹkan bí ọdún 12 kí àìlera tó mú un kúrò níwájú pátákó. Ó fẹ́ olóṣèlú kan, Obèye Diop, wọ́n sì kọ ara wọn. Ọmọ mẹ́sàn-án ló bí. Ó ti pé ẹni ọdún 50 nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, *Une si longue lettre* (Lẹ́tà Tó Gùn Tó Báyìí), jáde ní 1979. Ní 1980, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn Noma dá ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Áfíríkà lọ́lá, òun ni wọ́n fún. Oṣù kẹjọ ọdún 1981, jẹjẹrẹ mú un lọ.

Ẹ wá wo ìwé náà. Lẹ́tà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ramatoulaye, obìnrin tó bí ọmọ 12, wà nínú opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀, ó sì ń kọ̀wé sí Aissatou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ràmọ́tù àti Àíṣátù ni lọ́dọ̀ tiwa, kò sí àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ tí ẹ máa pe orúkọ méjèèjì yìí tí ẹnìkan kò ní jẹ́. Modou, ọkọ Ràmọ́tù, ti lọ fẹ́ Binetou, ọmọ ilé ìwé tó ń bá ọmọbìnrin wọn kàwé, tó máa ń wá sílé wọn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn gan-an, ìmáàmù, ẹ̀gbọ́n ọkọ àti ọ̀rẹ́ ọkọ wọlé tọ ìyálé wá. Wọ́n fi Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, títí tó fi yé e pé tòun ni wọ́n ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn ní nǹkan mu, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹni tó kọ̀wé sí yín padà lọ kà. Ẹni tó kàn ń sun ẹkún, ariwo ni yóò kọ síbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń fi omi tútù síwájú àlejò tó wá já a kulẹ̀, tó sì jẹ́ kí ọkàn òǹkàwé máa gbóná fún un.

Níbo ni Mariama fúnra rẹ̀ wà nínú èyí? Òun kọ ọkọ, Ràmọ́tù kò kọ ọkọ, ó dúró títí ikú fi dé. Àíṣátù ló lọ ní tirẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ìyàwó míì. Ó padà sídìí ìwé, ó di ògbufọ̀, ó tún ra mọ́tò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọkọ pa tì. (Nítorí pé bàbá Àíṣátù jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ni ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe kórìíra rẹ̀. Ìyẹn ṣòro fún mi láti gbà títí dòní, nítorí ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fojú tínrín níbí.) Nínú ìwé rẹ̀ kejì tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, Mireille, ọmọ òyìnbó Faransé, ló fẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ọkọ lọ fẹ́ ẹlòmíì ní bòókẹ́lẹ́ títí orí ọmọ náà fi dàrú. Ṣé Mireille náà ni Mariama? Bí ọkùnrin bá kọ̀wé ọdẹ àti iwin, ọgbọ́n orí rẹ̀ la máa ń yìn. Bí obìnrin bá kọ̀wé ilé ọkọ, a ní omi ojú rẹ̀ ló dà síbẹ̀. Ó ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí. Mo kọ́kọ́ ka ìwé yìí ní ilé ìwé girama (CEG) nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 15, ìdánwò nìkan ló wà lórí mi. Ní 2011 ọkọ mi kú. N kò tíì jáde opó tí àwọn àgbà ẹbí fi pè mí sí yàrá, wọ́n ní àbúrò ọkọ mi ti ṣe tán láti ṣú mi lópó. Ìyàwó méjì wà nílé rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọbìnrin mi ló gbé ìwé tí wọ́n ń kà nílé ìwé rẹ̀ fún mi kí n fi pa ìrònú rẹ́. Mo kà á dé ibi tí Tamsir, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ràmọ́tù, ti wọlé lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́. Kò béèrè, ó kàn ń sọ fún un ni pé bó bá ti jáde opó, òun máa fẹ́ ẹ. Ràmọ́tù dá a lóhùn pé òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnìkan fún ẹnìkejì. Mo pa ìwé dé, mo jókòó títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà. Lọ́jọ́ kejì mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, mo sọ pé ẹ ṣeun, n kò fẹ́. Ọdún méjì la fi ń kí ara wa láìwo ojú ara wa.

Obìnrin tí ìkọ̀sílẹ̀ parí ilé ọkọ rẹ̀ ní Dakar ló kọ ọ̀rọ̀ opó tó bá mi nínú yàrá ní Àjàṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìtàn ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀, báwo ló ṣe mọ tèmi?

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn yín. Ẹ̀bẹ̀ mi kejì rèé. Ọdún 1981 ni Modupé Bodé-Thomas túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Yorùbá sì ni ti obìnrin yẹn. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Wolof pẹ̀lú. Mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wọn kò lè ka Faransé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń ka Yorùbá. Lọ́sàn-án tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, èmi ni mo ń fi ẹnu túmọ̀ rẹ̀ fún wọn lójú ìwé lójú ìwé, mo sì mọ̀ pé mo ń ba ọ̀pọ̀ ibi dáradára jẹ́. Kò sí èyí tó tíì bi mí nínú wọn bóyá Mariama ni Ràmọ́tù. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ó padà bá Àíṣátù pàdé. Bí ẹ bá lè gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ìwé náà, tí ẹ sì rí ẹni tó mọ èdè méjèèjì dunjú kó máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo máa san owó ìwé ìròyìn méje sílẹ̀ fún odindi ọdún kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi àti ọ̀kan fún èmi.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ràfíátù, aránṣọ,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)