Ta ló kọ́ ilé tí wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn wa. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, inú mi sì dùn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 ni Charles Longley, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọwọ́ lé ọmọ Òṣogùn yìí lórí nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì náà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ ní Augustine, mọ́ńkì tí wọ́n rán wá láti Róòmù, ló kọ́ ilé náà lọ́dún 597. Bíríkìlà ni mí. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ náà kí n tó gbé ọkọ́ mi kọ́. Mi ò lè ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n dákẹ́.

Augustine dé Canterbury lọ́dún 597, òun ló sì dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n iná jó ilé àtijọ́ lọ́dún 1067. Abẹ́ ilẹ̀ ni ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ wà. Ọdún 1993 ni àwọn awalẹ̀ rí i. Lanfranc, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ nígbà náà, kọ́ òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti 1070. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ níbi tí àwọn akọrin ń jókòó lónìí kì í ṣe ti Lanfranc pẹ̀lú. William ará Sens ló kọ́ ọ, agbẹ́kùúta kan láti ilẹ̀ Faransé, òun gan-an ni mo sì torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1174, ilé kéékèèké mẹ́ta gbiná lẹ́yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Atẹ́gùn ń fẹ́ gidigidi, ó gbé ìpẹ́pẹ́ iná lọ sórí òrùlé, ó sì rọra wọ àárín òjé tí wọ́n fi bò ó. Òjé wà lókè, àjà onípákó tí wọ́n kùn lọ́dà wà nísàlẹ̀, igi tó ti jẹrà wà láàárín. Igi yẹn ni iná ń jẹ lọ tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Wọ́n ti pa iná àwọn ilé ìta, àwọn ará ìlú ti padà sílé, kí òjé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Gervase, ọ̀kan nínú àwọn mọ́ńkì ibẹ̀, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n pe àwọn agbẹ́kùúta láti Faransé àti láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní àwọn òpó ṣì ṣeé tún ṣe, àwọn kan ní wíwó ni. William ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Ó yí ilé náà po fún ọjọ́ púpọ̀, ó sì ti mọ̀ pé àwọn òpó tí iná jẹ náà kò ní lè dúró, ṣùgbọ́n kò tètè sọ fún àwọn mọ́ńkì nítorí ìbànújẹ́ tó wà lójú wọn. Ìgbà tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀ ló tó là á mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ilé onílé rí, tó rí i pé ìpìlẹ̀ ti sán, yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo lẹ́nu tó.

Òkúta láti Caen, ní Faransé ní òdìkejì òkun, ni wọ́n ń lò. William ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó o sínú ọkọ̀ àti jáde, ó sì ṣe àpẹẹrẹ bí òkúta kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí, ó pín in fún àwọn agbẹ́kùúta. Lọ́dún 1178, bó ṣe ń múra àtifi òkúta ṣe àjà ńlá lókè, igi dá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50 ló fi já wálẹ̀, òkúta àti igi sì ń bọ́ tẹ̀lé e. Òun nìkan ló ṣèṣe.

Lọ́dún 1989, pákó dá lábẹ́ ẹsẹ̀ èmi náà lórí ilé alájà mẹ́ta kan n'Íbàdàn. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa kò yọjú. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi a sì máa wá lálaalẹ́ láti bi mí bí a ó ṣe de igi dẹ́kìn ọjọ́ kejì. William náà darí iṣẹ́ láti orí ibùsùn, ọ̀dọ́mọkùnrin mọ́ńkì kan ló ń bá a jíṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn kan sì ń jowú ọmọ náà. Nígbà tí àwọn oníṣègùn kò rí i wò sàn, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí Faransé. William mìíràn, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba iṣẹ́ náà ṣe títí di 1184. Gervase ní ènìyàn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, ó sì jẹ́ olóòótọ́.

Mo dé ibẹ̀ lọ́dún 2017 nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Kent, agbègbè tí Canterbury wà. Òpó kan rí róbótó, èyí tó tẹ̀ lé e ní igun mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ óò rí i pé ògiri méjèèjì fún mọ́ra lójijì. Ilé gogoro kékeré méjì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ Anselm Mímọ́ àti Andrew Mímọ́ pè, ni wọn kò wó. Àárín wọn ni wọ́n gbà kọjá. Èmi ò bá ti wó wọn kí ìlà mi lè tọ́. Mo bi amọ̀nà léèrè ibi tí William ti já bọ́, ó nawọ́ sókè. Mo dúró síbẹ̀ títí ọmọ mi fi wá fà mí lọ́wọ́.

Ilé gogoro ńlá tó hàn nínú àwòrán yín ga tó ẹsẹ̀ bàtà 235. John Wastell ló kọ́ ọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Òkúta lẹ ń wò níta, ṣùgbọ́n bíríkì ló wà nínú rẹ̀, bíríkì bí èyí tí a ń tò.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ àwòrán náà, ẹ yọ 597 kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ William ará Sens, William ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti John Wastell síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Bíríkìlà àgbà kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.