Ebi Ló Bí Ọdún Yìí, Kì Í Ṣe Ọtí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo rí àwòrán tí ẹ tẹ̀ jáde nípa ọdún táwọn ará Jámánì máa ń ṣe nígbà ìkórè: ife bíà lọ́tùn-ún, ife bíà lósì. Stuttgart ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, mo sì ti dé ọ̀kan nínú àwọn ọdún náà, Cannstatter Volksfest. Irọ́ kọ́ ni àwòrán yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ kù lẹ́yìn.

Lọ́dún 1815, òkè ayọnáyèéfín Tambora bú gbàù ní Indonéṣíà. Eérú rẹ̀ gba ojú sánmà, tó fi jẹ́ pé lọ́dún 1816 oòrùn kò mú bó ṣe yẹ ní Yúróòpù. Òjò àti yìnyín ba ọkà jẹ́ lóko ní Württemberg, ìyẹn ilẹ̀ ọba tí Stuttgart wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ìyàn mú gan-an, ọ̀pọ̀ ìdílé palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n forí lé Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilẹ̀ tún rọ̀, Ọba Wilhelm Kìíní àti Olorì Katharina dá ọdún àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Cannstatt (Bad Cannstatt, àdúgbò kan ní Stuttgart lónìí), ní oṣù Kẹsàn-án 1818, ẹni tí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ bá yọrí jù sì ń gba ẹ̀bùn. Ó dùn mí pé olorì yẹn kò pẹ́ láyé. Oṣù Kìn-ín-ní 1819 ló kú, ẹni ọgbọ̀n ọdún péré.

Màmá kan tí mò ń tọ́jú ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ó ti lé ní ẹni ọdún 85. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ dé Bad Cannstatt, mo ń ti àga onítáyà rẹ̀. Kò wo ibi tí fèrè ti ń dún rárá, ó ní kí n gbé òun lọ síbi òpó èso. Òpó náà ga tó mítà 26, èso, ẹ̀fọ́ àti ṣírí ọkà ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Màmá gbójú sókè, ó wò ó títí.

Mo ra Maultaschen fún ara mi: ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n nà pẹlẹbẹ, tí wọ́n wá fi di ẹran lílọ̀, ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà sínú, tí wọ́n sì bù ú pẹ̀lú omi ẹran gbígbóná. Ó rọ̀ lẹ́nu, ó sì dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ata níbẹ̀.

Brezel ni màmá ní kí n ra fún òun, búrẹ́dì tí wọ́n lọ́ bí okùn, tí iyọ̀ wà lára rẹ̀ hóró-hóró. Ó ń já a jẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka rẹ̀ tó ti ń gbọ̀n ṣa gbogbo èérún tó bọ́ sórí aṣọ rẹ̀, ó kó o sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sẹ́nu. Ó ní lẹ́yìn ogun, nígbà tóun wà lọ́mọdé, ṣe ni ìyá àwọn máa ń wọn búrẹ́dì kó tó pín in, kí tẹnì kan má baà ju tẹnì kejì lọ.

Ọtí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ife kan gba lítà kan gbáko, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Olóòtú, bí oṣù Kẹsàn-án bá tún dé, tí ẹ bá ń wá àwòrán ọdún yìí, mo ya ti òpó èso náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ kàn ránṣẹ́ sí mi, ẹ máa rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Stuttgart, Jámánì