Ẹ béèrè ìgbà tí mọ́tò ń kú kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n ra nǹkan

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan.

Mo ka ìdáhùn tí ẹni tó ń dá sí ọ̀rọ̀ mọ́tò nínú ìwé ìròyìn yín fún bàbá tó kọ̀wé láti Kàdúná, àwọn tí píkọ́ọ̀pù 504 wọn ń kú lójú ọ̀nà nígbà tó bá wù ú, tó sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe tó bá ti dúró. Wọ́n ní kí bàbá pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, kí wọ́n pààrọ̀ fuel pump, bí kò bá gbọ́ kí wọ́n pààrọ̀ brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bí kò bá tún gbọ́ kí wọ́n lọ tà á jàre torí ó ti dàgbà. Haba! Brainbox wo ló wà nínú 504 tó ń lo kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ láìlo kọ̀ǹpútà? Kàdúná tí bàbá ń gbé yẹn náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní ọdún 1975, mẹkáníìkì àgbà tó bá ka ìdáhùn yẹn níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín yó.

Ṣùgbọ́n ti brainbox kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò bi bàbá ní ìgbà tí mọ́tò yẹn máa ń kú. Ṣé ìgbà tó bá gbóná ni àbí àárọ̀ kùtù? Ṣé lórí eré ni àbí tó bá dúró? Ṣé tí epo bá lọ sílẹ̀ nínú tánkì ni? Láìjẹ́ pé ẹ mọ ìyẹn, owó olówó lẹ kàn ń ná.

Iṣu ni mò ń tà ní Nyanya, Hilux àtijọ́ ni mo fi ń kó o wá láti ọ̀nà Lafia, àbúrò mi ọkùnrin sì ń ṣe rewire, ìyẹn àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ní Mararaba, ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyókù ojú mi ló rí i nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé mọ́tò tí síló ẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mọ́tò bá dúró, kò bá dúró déédéé kò lè fi ara pamọ́ níbẹ̀. Mo ń sọ èyí torí pé tí wọ́n bá ti rí obìnrin nídìí mọ́tò, kó jẹ́ Hausa o, kó jẹ́ Ìgbò o, kó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa o, wọn ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á ti ní "Hajiya, sai an canza pump", àfi ká pààrọ̀ pọ́ǹpù.

Ẹ jẹ́ ká mú mọ́tò tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó kú, tẹ́ ẹ bá wá jókòó sábẹ́ igi fún ìgbà díẹ̀ á sítáàtì bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Irú èyí, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú náà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó tutù, mẹkáníìkì tó bá dé lẹ́yìn tó ti tutù kò ní rí nǹkan kan, ohun tó bá sọ, ó ń méfò ni. Ẹ fi plọ́ọ̀gì mìíràn sí ẹnu wáyà, ẹ gbé e ti irin ẹ́ńjìnnì níbi tí epo ò sí, ẹ má fọwọ́ dì í mú, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Tí kò bá ṣáná, ọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Nínú 504, ó lè jẹ́ kọ́ìlì, tàbí kọ̀ńdẹ́ńsà fún àwọn tó ṣì ń lo kọ́ńtáàtì. Nínú mọ́tò injection bíi Hilux mi, tó jẹ́ brainbox ló ń wọn epo fún un dípò kábúrétọ̀, sẹ́ńsọ̀ crankshaft làwọn rewire máa ń fura sí, òun ló ń sọ fún brainbox pé ẹ́ńjìnnì ń yí, tí ooru bá mú un tí inú ẹ̀ já, brainbox á gbà pé ẹ́ńjìnnì ti dúró, kò ní fún un níná, kò ní fún un lépo.

Tó bá ń ṣáná dáadáa, ẹ lọ wá epo lọ. Ti bàbá rọrùn: kí wọ́n pa mọ́tò, kí wọ́n ṣí ìdérí fílítà afẹ́fẹ́, kí wọ́n wo inú kábúrétọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ fa tọ́tù, ìyẹn ohun tí ẹsẹ̀ ń fà tí a bá fẹ́ sáré. Tí epo bá tú jáde ṣíìrí, epo wà nínú kábúrétọ̀. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, kò dé ibẹ̀, ó lè jẹ́ fílítà ló dí, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù, ó sì lè jẹ́ pé ooru ló mú kí epo hó nínú páìpù, nínú ooru oṣù kẹta sí ìkẹrin níhìn-ín ìyẹn ò ṣòro rárá. Fún àwa onínjection, epo inú tánkì ló ń tu pọ́ǹpù lára o, ẹni tó bá ń fi epo tí iná ẹ̀ ti tàn rìn lójoojúmọ́, ó ń yan pọ́ǹpù ẹ̀ ni.

Èyí tó wá ń gbọ̀n tó bá dúró, àmọ́ tí ara ẹ̀ balẹ̀ tó bá wà lórí eré, afẹ́fẹ́ tí kò yẹ kó wọlé ló sábà máa ń wọlé. Rọ́bà ni àwọn ọ́ọ̀sì kéékèèké tó wà lórí ẹ́ńjìnnì yẹn, ooru àti ọyẹ́ ibí ń gbẹ wọ́n títí wọ́n á fi sán. Àbúrò mi máa ń gé ọ́ọ̀sì kan tó gùn tó apá, á ki ẹnu kan sétí, á wá máa fi ẹnu kejì tọ gbogbo ara intake, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì, ìdí kábúrétọ̀ tàbí injẹ́tọ̀, ọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti gbọ́ "ṣììì" á dúró, á mú ẹ̀mú, á fún ọ́ọ̀sì yẹn pọ̀, tí síló bá yí padà lójú ẹsẹ̀, ó parí nìyẹn. Nínú tèmi, ọ́ọ̀sì ńlá tó lọ sídìí booster bíréèkì, ohun tó ń mú kí bíréèkì rọ̀ lẹ́sẹ̀, ni, abẹ́ ẹ̀ ló ti sán, ojú ò lè rí i láti òkè. Ẹsẹ̀ bíréèkì sì ti ń le láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó so ó pọ̀ mọ́ gbígbọ̀n. Àwọn kan máa ń fọ́n carb cleaner kiri dípò ọ́ọ̀sì etí, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nǹkan tó ń gbiná ni, ẹ́gísọ́ọ̀sì tó gbóná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èmi ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe é sí tèmi.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tàbí tẹ́ ẹ tan AC ló ń kú, ẹ wo throttle body, ẹnu tí tọ́tù ń ṣí fún afẹ́fẹ́, bóyá èéfín dúdú ti dí i, àti fáàfù síló tó wà lára ẹ̀. Ti kábúrétọ̀, jẹ́ẹ̀tì síló ni, ìdọ̀tí bíńtín ló ń dí i, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ má fi wáyà gún un o, ihò ẹ̀ á fẹ̀.

Skáànà tó ń ka àléébù láti inú brainbox ńkọ́? Ó wúlò, àwọn tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ihò ẹ̀ lábẹ́ steering, àwọn Toyota tó ṣáájú ìyẹn, ẹ lè fi wáyà so ihò TE1 pọ̀ mọ́ ihò E1 nínú àpótí diagnostic wọn, kẹ́ ẹ ka bí iná check engine ṣe ń ṣẹ́jú. Àmọ́ skáànà kì í sọ pé kẹ́ ẹ ra nǹkan. Kóòdù P0171 tó bá gbé jáde ò ní kẹ́ ẹ lọ ra oxygen sensor, ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ọ́ọ̀sì tó sán lè fà á, fílítà epo tó dí lè fà á. Mo ti rí ẹni tó ra sẹ́ńsọ̀ méjì nítorí ọ́ọ̀sì tí owó ẹ̀ ò tó ti iṣu kan.

Àwọn tó ń ra epo jálá lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ da díẹ̀ sínú ìgò funfun, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀, tí omi bá wà níbẹ̀ á lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ sì wo wáyà náà bóyá eku ti jẹ ẹ́, eku ọ̀nà oko ò mọ èyí tó jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀.

Èyí tó kù, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kó hàn dáadáa: tí mọ́tò bá kú lórí eré, steering á le, bíréèkì ò sì ní ju ìtẹ̀ kan tàbí méjì lọ kó tó le bí òkúta. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dì í mọ́lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì darí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ tan hazard.

Èmi ni,
Ìyá Oníṣu, Nyanya, Abuja