Má Lẹ Ihò Náà Pa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹrù tí o ní kí n fi ránṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Mo dì í sínú páálí kan: kọ́kọ́rọ́ ilé tí a gbé nígbà tí o wà ní kékeré, àbọ̀ kọ́tìnì yàrá rẹ, ìwé ábídí rẹ, àti fọ́tò méje. Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, ìwọ náà sì mọ èyí tí mò ń wí. Èyí tí mo fi àlùmọ́gàjí gé bàbá rẹ kúrò nínú rẹ̀ ni.

O sọ lórí fóònù pé, nínú iṣẹ́ ọnà tí o fẹ́ ṣe nípa ilé wa àtijọ́, o fẹ́ fi ìwé aláwọ̀ wúrà bo ojú ihò yẹn, kí iṣẹ́ náà lè rẹwà, kí ó má sì dùn mí nígbà tí mo bá rí i. O ṣeun tí o ro tèmi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má bò ó. Mo fẹ́ pè ọ́ kí n sọ ọ́, mo rí i pé ẹkún ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ni mo bá jókòó kọ ọ́.

Látìgbà tí o ti sọ pé iṣẹ́ ọnà tí ẹ fi ń pa ìwé, aṣọ, ọ̀dà àti àlòkù pọ̀ sójú kan yìí lo fẹ́ fi wá ilé wa àtijọ́ lọ, ni mo ti ń kà nípa rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni Louise Bourgeois, obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan tí wọ́n bí sí Paris ní 1911. Iṣẹ́ àwọn òbí rẹ̀ ni títún àwọn aṣọ ọlọ́nà àtijọ́ ṣe, irú èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Ìsàlẹ̀ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń tètè gbó, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n hun sínú rẹ̀ máa ń wà. Ọmọdé ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwọn ẹsẹ̀ tó ti jẹ dànù náà, kí àwọn tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ lè mọ ohun tí wọn yóò rán. Inú ilé yẹn kan náà ni bàbá rẹ̀ ti ń yan obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé lálè, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó níran. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó kó aṣọ ara rẹ̀ àtijọ́ àti ti ìyá rẹ̀ jáde láti fi ṣe iṣẹ́. Ní 1999, ó ṣe aláǹtakùn onírin kan tó ga ju mítà 9 lọ, tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, ó sì pè é ní Maman, ìyẹn màmá lédè Faransé.

Mo wo àwòrán aláǹtakùn náà títí. Lẹ́yìn náà mo wo àwọn orí ènìyàn tó fi aṣọ rán, mo sì rí ojú abẹ́rẹ́ lára wọn kedere, òwú tó nípọn, tí kò fara pamọ́. Ẹni tí wọ́n bí sílé àwọn tó ń dí ihò, tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán an tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀, nìyẹn o!

Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Mo máa ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti sọ̀rètí nù. Ní báyìí, ohun tí mo ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé egbò náà jinná.

Gbé fọ́tò náà sún mọ́ iná. Wàá rí i pé gígé náà tọ́ láti òkè wá, àfi níbi èjìká rẹ. Ọwọ́ bàbá rẹ wà lórí èjìká rẹ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ gé yí ọwọ́ náà ká kí n má baà gé ọ, ọwọ́ mi gbọ̀n, àlùmọ́gàjí bá já sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ. Ìka mẹ́rin ṣẹ́ kù síbẹ̀ títí dòní. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. O dúró lẹ́nu ọ̀nà, ò ń wò mí, o ò béèrè nǹkan kan. Bàbá rẹ ni mò ń bínú sí, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ ni mo gé. Mo tọrọ àforíjì, ọmọ mi.

Nítorí náà, tí o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ nípa ilé yẹn, ṣe é pẹ̀lú èmi nínú rẹ̀ bí mo ṣe rí. Má fi ọ̀dà kùn mí lójú.

Àmọ́ má fọwọ́ kan ojúlówó fọ́tò. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o fi wọ́n dánra wò. Ọ̀nà tí Njideka Akunyili Crosby, ayàwòrán ọmọ Enugu, ń gbà gbé fọ́tò ẹbí sínú àwòrán ńláńlá rẹ̀ wù mí, èmi náà sì dán irú rẹ̀ wò lórí tábìlì ìjẹun. Mo fi gọ́ọ̀mù oníke pa ojú ẹ̀dà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí pákó, mo jẹ́ kí ó gbẹ mọ́jú. Lówùúrọ̀, mo fi omi rin ín, mo ń fi ìka ra á. Ìwé náà ń yí kúrò lábẹ́ ìka mi bí ìdọ̀tí ara ṣe ń yí lára ẹni tó ń wẹ̀, ojú rẹ sì ń yọ sí mi díẹ̀díẹ̀ láti inú igi. Ọ̀tún rẹ di òsì, torí òdì ni àwòrán máa ń jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo yíǹkì oníyẹ̀fun, ìyẹn lésà, ni kí o fi tẹ ẹ̀dà náà. Èyí tó ń lo yíǹkì olómi á ṣàn. Tí o bá lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn, á pọ́n bó pẹ́ bó yá, jẹ́ kí ó pọ́n.

Má retí pé ara rẹ yóò fúyẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ní 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ 4 léra wọn. Ọkàn àwọn tó kọ nípa ọgbẹ́ ọkàn wọn, tí wọ́n sì kọ bó ṣe rí lára wọn, rẹ̀wẹ̀sì bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tán. Ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, wọn ò lọ rí dókítà tó àwọn yòókù. Ìwé kíkọ ni tiwọn, gígé àti lílẹ̀ ni tìrẹ, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìrora àkọ́kọ́ yẹn jọra. Tí oorun bá kọ̀ tí kò wá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, gbé e sílẹ̀, kí o lọ rí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn. Pè mí náà, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó.

Àpòòwé kékeré kan wà nísàlẹ̀ páálí, lábẹ́ kọ́tìnì. Abala tí mo gé kúrò ló wà níbẹ̀. Mi ò jù ú nù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ó wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ ni kí o pinnu bóyá wàá lò ó.

Èmi ni,
Màmá rẹ