Etí Aṣọ Sọ́ọ̀lù

Àdùkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí a ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀sùn owó tí akẹgbẹ́ rẹ kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín ló ń dà mí láàmú, torí mo mọ irú ọmọ tí mo bí, bí kò ṣe ìwé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ọkùnrin náà tí o rí he lórí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, tí o sì ti yà sínú fóònù rẹ. O ní Ọlọ́run ló fi í lé ọ lọ́wọ́.

Ohun tí àwọn ọkùnrin tó wà pẹ̀lú Dáfídì sọ fún un nínú ihò àpáta ní Ẹńgédì náà nìyẹn. Ọba Sọ́ọ̀lù kó 3,000 akọni ọkùnrin lẹ́yìn láti wá a kiri, ó wá yà sínú ihò náà láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, láìmọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹni tí òun ń lé sá pamọ́ sí. Etí aṣọ rẹ̀ nìkan ni Dáfídì yọ́ gé. Èmi tí mò ń ta aṣọ òfì mọ bí etí aṣọ ti kéré tó lára odindi agbádá, síbẹ̀ ọkàn Dáfídì ọmọ Jésè gún un nítorí rẹ̀. Ó jáde, ó dojú bolẹ̀, ó pe Sọ́ọ̀lù ní bàbá òun, ó ní kí Olúwa ṣe ìdájọ́ láàrin àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò ní kàn án.

Mi ò ní tàn ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà parí lọ́jọ́ yẹn. Sọ́ọ̀lù sunkún, ó gbà pé olódodo ni Dáfídì jù òun lọ, síbẹ̀ ó tún kó ogun tì í ní aginjù Sífì, Dáfídì sì fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ṣe àtìpó láàrin àwọn Filísítínì. Èmi náà tọ́ ọ wò, nígbà tí wọ́n ní mo kó owó àjọ ọjà jẹ. Ọdún méjì gbáko ni àwọn kan fi ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí mo bá ń kọjá, títí mo fi tẹ́ ìwé àjọ mi tí epo ti rin etí rẹ̀ síwájú ìyálọ́jà, tí mo ń fi ìka tọ́ka sí orúkọ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá mi láre. Ẹni tó dá irọ́ náà sílẹ̀ kò tọrọ àforíjì dòní, kò sì sí ohun tó ṣe é, mi ò sì bi Ọlọ́run léèrè, torí ó ti pa orúkọ mi mọ́.

Nítorí náà, pa àwòrán yẹn rẹ́ lónìí, fi ìwé náà sínú àpòòwé, kí o sì dá a padà fún un níbi tí kò sí ẹlòmíràn. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó gbogbo rìsíìtì rẹ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí o sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kì í dúró kí ọ̀kọ̀ gún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni Dáfídì yẹ ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù. Àwọn tó ní kí o wá gbàdúrà kí ọkùnrin náà kú, má bá wọn gun òkè kankan.

Ní aago márùn-ún ìdájí Ọjọ́bọ̀, èmi àti bàbá rẹ yóò ka Sáàmù 57, èyí tí a kọ sí orí rẹ̀ pé inú ihò ni Dáfídì wà nígbà tó sá fún Sọ́ọ̀lù. Bí o bá ti jáde níwájú wọn, pè mí.

Èmi ni ìyá rẹ.