Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Apá Kejì Ouija

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà pé àlàáfíà ni ẹ wà pẹ̀lú Màámi. Ara èmi náà le níhìn-ín, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé lónìí.

Ẹ ó rántí Ouija tó jáde ní ọdún 2014, èyí tí a jọ jókòó wò kí n tó rìnrìn àjò, tí ẹ sì dìde nígbà tí kò tíì dé ìdajì, tí ẹ ní ariwo lásán ló kún inú rẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Wọn kò jẹ́ ká mọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń pa débi tí ikú wọn yóò fi dunni. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tí a jọ ń gbé ní kí a wo Ouija: Origin of Evil ti ọdún 2016, torí kí n má baà já a kulẹ̀ nìkan ni mo ṣe jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi, èrò mi kò bá a rárá. Mike Flanagan ló darí èyí, ìtàn rẹ̀ sì ṣáájú ti àkọ́kọ́: Los Angeles ni, lọ́dún 1967, nílé opó kan tó ń jẹ́ Alice, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láti bá òkú wọn sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ló ń bá a dọ́gbọ́n rẹ̀, síbẹ̀ ó gbà tọkàntọkàn pé ìtùnú ni òun ń fún àwọn ènìyàn. Ìgbà tó ra pátákó Ouija, èyí tí wọ́n kọ álífábẹ́ẹ̀tì sí, tí wọ́n ní a lè fi bá òkú sọ̀rọ̀, kún ohun èlò rẹ̀ ni Doris, ọmọ rẹ̀ kékeré, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ẹni tó pe ara rẹ̀ ní bàbá rẹ̀ tó ti kú.

Ibì kan wà tí Doris ti bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan bóyá ó mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn pa, tó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tó ń ka iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ sókè. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ariwo, àmọ́ ọwọ́ mi tutù.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Fádà Tom, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú kó tó di àlùfáà. Ó ní kí Doris bá òun pe ìyàwó náà, ọmọ sì dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ẹ̀yìn náà ló wá sọ fún Alice pé ohun tí òun ń rò lọ́kàn gan-an ni ọmọ náà fi ń dáhùn, pé kì í ṣe ìyàwó òun ló ń dáhùn. Mo dá fíìmù dúró níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbé irú pátákó bẹ́ẹ̀ síwájú mi lọ́sẹ̀ tí Bàbá kú, tí n kò ráyè wálé, n kò rò pé ǹ bá kọ̀ ọ́.

Apá ìparí kò dára tó ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n sáré tú àṣírí àjà ilẹ̀ ilé náà, ẹnu tí wọ́n là gbàgà láti fi dẹ́rù bani sì pọ̀ jù. Ẹ ṣáà fara dà á. Kò di dandan kí ẹ tún ti àkọ́kọ́ wò. Ẹ má pa á nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bá ń kọjá o, ó ṣẹ́ ku díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá dé ibi ọ̀rọ̀ Fádà Tom, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó.

Èmi ni àbúrò yín.